Níbo Ni Ká Ti Jẹun Bí A Bá Wá Sinmi ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀?



Bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Àjíǹde bá ti ń súnmọ́, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń gbé ní Èkó, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Benin a máa bọ̀ wá sinmi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Àwọn kan ní ilé tí wọ́n kọ́ sí Òkìtìpupa tàbí sí abúlé baba wọn. Àwọn mìíràn a máa gba yàrá ní ilé àlejò, wọn a sì ti ibẹ̀ lọ wo òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Inú wa a máa dùn sí wíwá wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, a ó rí i pé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ti wà níbẹ̀: bùréèdì, ẹja inú agolo, ìrẹsì tútù nínú kúlà. Wọ́n wá sí ilẹ̀ tí oúnjẹ wà, wọ́n sì ru oúnjẹ wá.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ohun tó ṣe mí rí. Ní Kérésìmesì kan, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tẹ̀ lé mi wá sílé láti Èkó. Ní ọjọ́ kejì, agolo wọn tán. Mo ti ń yangàn láti òwúrọ̀ nípa búkà kan tí mo mọ̀, pé bí wọ́n bá jẹ púpurù ibẹ̀, wọn kò ní fẹ́ padà sí Èkó mọ́. A débẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ìyá olóúnjẹ ti ń fọ ìkòkò. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Oúnjẹ ti tán láti aago kan. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun lọ́la, ẹ sọ fún mi lálẹ́ yìí." Ojú tì mí. Bùréèdì ni a padà lọ jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló mú kí n kọ àlàyé yìí. Ẹni tí yóò jẹun dáadáa ní ilẹ̀ wa ní láti mọ ibi tí oúnjẹ ti ń wá, àkókò tí ó ń jinná, àti ọwọ́ tí ó sè é.

IBI TÍ OÚNJẸ TI Ń WÁ

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ yìí lè rò pé etí òkun gan-an ni Òkìtìpupa wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Òkìtìpupa, Ìkọ́yà, Igbótako, Ìlútitun, Òde-Ìrèlè àti àwọn ìlú ìyókù. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni agbára àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Ní gúúsù wọn ni àwọn Ìlàjẹ, àwọn Àpọ́ì àti àwọn Ìjọ́ Àrógbò wà, láàrin odò, ọ̀sà àti òkun. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ ní 1976, abẹ́ ẹkùn Òkìtìpupa kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ohun tí èyí fi yé ẹni tí ebi ń pa ni pé òkèlè ń ti inú igbó sọ̀ kalẹ̀, ẹja sì ń ti inú omi gòkè wá. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ni kí ẹ wá àga jókòó sí.

ÒRÈ: OÚNJẸ ARÌNRÌN-ÀJÒ

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó tàbí láti Benin, Òrè ni yóò ti kúrò lójú títì ńlá kí ó tó kọrí sí Òkìtìpupa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ tí ń ná Èkó sí ìlà-oòrùn ti ń dúró ní Òrè kí èrò lè jẹun. Ìdí nìyẹn tí ilé oúnjẹ fi pọ̀ níbẹ̀, tí iná kì í sì í kú lábẹ́ ìkòkò. Ìrẹsì, iyán, ẹ̀bà, ẹran, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó rí.

Kò sí ohun tó burú nínú jíjẹun ní Òrè, pàápàá bí ọmọdé bá wà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí ń kọjá lọ ni wọ́n ń sè é fún. Ẹ béèrè iye owó ẹran kí wọ́n tó bù ú sínú abọ́, kí ẹ sì yan ibi tí ẹ ti rí i pé àwọn awakọ̀ ń jẹun. Awakọ̀ ni oníbàárà tí ń padà wá. Kò ní jẹ níbi tí inú ti run ún rí. Ẹ má sì jẹ àjẹyó níbẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún Òkìtìpupa.

ÒKÌTÌPUPA: BÚKÀ Ẹ̀BÁ ỌJÀ ÀTI PÚPURÙ

Ní Òkìtìpupa, ẹ̀bá ọjà àti àyíká ibùdókọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní òwúrọ̀, àkàrà àti ẹ̀kọ, ẹ̀wà àti ìrẹsì ni. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá ni òkèlè ń jáde: ẹ̀bà, fùfú, àti púpurù tí í ṣe oúnjẹ ilẹ̀ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí aago kan kọjá kí ẹ tó dé. Búkà tó dára kì í sè ju ohun tí yóò tán lọ, nítorí kò fẹ́ ta àṣẹ́kù ní ọjọ́ kejì.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé púpurù díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí sí ìgboro kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń ṣe é. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀. A ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi lè ro kúrò. Lẹ́yìn náà a ó fi ọwọ́ mọ ọ́n ní roboto roboto, a ó tò ó sórí àjà tí iná igi wà lábẹ́ rẹ̀. Èéfín àti ooru ni yóò gbẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó họ dúdú náà kúrò, a ó gún funfun inú rẹ̀, a ó jọ̀ ọ́, a ó sì rò ó nínú omi gbígbóná.

Kì í ṣe fún adùn nìkan ni a ń ṣe gbogbo wàhálà yìí. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírẹ tí a rẹ ẹ́, títẹ̀ tí a tẹ omi rẹ̀ dànù, àti iná tí a yá a ni ó ń dín májèlé náà kù títí ẹnu fi lè gbà á. Ẹni tí ó bá ń kánjú owó, tí ó yọ ẹ̀gẹ́ lómi kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ń fi ara ènìyàn wéwu. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí púpurù tó funfun nínú, tí ó ń ta sánsán èéfín díẹ̀, tí kò ní iyanrìn tàbí okùn, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ń jẹ. Ẹ má ná owó rẹ̀ jù.

ỌBẸ̀ MARÚGBÓ: OÚNJẸ TÍ A Ń BẸ̀ Ṣáájú

Ọbẹ̀ tí àwọn Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Àpọ́ì fi ń yangàn ni ọbẹ̀ marúgbó. Ewé ni marúgbó. A máa ń gún un tàbí kí a lọ̀ ọ́, a ó fi ata, iyọ̀, edé àti ẹja gbígbẹ sè é, ọbẹ̀ náà yóò sì dúdú. Àwọn ìyá wa a máa sè é fún abiyamọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àlejò tí kò rí i rí lè kọ́kọ́ fà sẹ́yìn nítorí dúdú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kí ó tọ́ ọ wò kí ó tó sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo búkà ni ẹ ó ti bá ọbẹ̀ yìí lórí iná. Ewé rẹ̀ ń fẹ́ wíwá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń fẹ́ mímọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ lọ bá ìyá olóúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ iye ènìyàn tí ẹ jẹ́, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kí ó fi ra nǹkan ọbẹ̀. Èyí tó dára jù lọ ni ti inú àwọn ìlú kéékèèké, níbi tí ìyá àgbà kan ti ń sè é nínú ilé rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa tó wà nítòsí. Kò sí akọ̀wé tí kò mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dùn.

IGBÓKÒDÁ: IBI TÍ ẸJA TI Ń GÒKÈ

Láti Òkìtìpupa, bí ẹ bá kọrí sí gúúsù, ẹ ó dé Igbókòdá, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ibẹ̀ ni títì pàdé omi. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé èrò lọ sí àwọn ìlú etí òkun láti ibẹ̀, wọ́n sì ń kó ẹja gòkè wá sí ọjà rẹ̀: àrọ̀, ẹpìyà, ṣàwá, edé, akàn, tútù àti gbígbẹ.

Ẹ tètè dé. Ẹja òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ẹja ọ̀sán. Ẹ wo ojú ẹja, kí ó mọ́ kedere. Ẹ ṣí ìjàgbá rẹ̀ wò, kí ó pupa. Ẹ fi ìka tẹ ẹran rẹ̀, kí ó le. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí a ra ẹja fúnra wa, kí a bi ìyá tó tà á fún wa pé ta ni yóò bá wa sè é, kí a sì san owó iṣẹ́ fún ẹni náà. Ọbẹ̀ ẹja tútù pẹ̀lú ata àti epo pupa, àti púpurù tí ẹ gbé láti òkè wá: ìpàdé igbó àti omi tí mo wí níṣàájú nìyẹn.

Ẹ má sì yà á lẹ́nu bí ẹja bá wọ́n ju bí ẹ ti rò lọ. Láti 1984 ni koríko tí ń léfòó lójú omi ti wọ àwọn ọ̀sà wa láti ìwọ̀-oòrùn, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, tí ó sì ń dí àwọ̀n apẹja lọ́wọ́. Owó epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà wà nínú owó ẹja.

ETÍ ÒKUN GAN-AN

Àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ ariwo ìgbì òkun a máa lọ sí Ayétòrò tàbí Aràròmí létí òkun. Ayétòrò yẹ ní rírí fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní 1947 ni àwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ohun gbogbo ní àjùmọ̀ní: iṣẹ́ ẹja, iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn àti àwọn iṣẹ́ mìíràn, àpò kan ni owó ń wọ̀. Òkìkí wọn kàn káàkiri.

Ṣùgbọ́n òkun ti ń jẹ ìlú náà fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti wó sínú omi. Nítorí náà n kò ní dárúkọ ibi ìjẹun kan fún yín níbẹ̀. Ibi tí a ti jẹun lọ́dún yìí, òkun lè ti wà níbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ ránṣẹ́ síwájú sí ẹni tí yóò gbà yín lálejò, kí ó bá yín wá ẹni tí yóò se ẹja òkun sílẹ̀. Ẹ san owó rẹ̀ pé, bí ó tilẹ̀ ń wí pé kí ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹni tí òkun ti gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò yẹ kí àlejò tún jẹun rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì wọ ẹ̀wù ìléfòó nínú ọkọ̀, àgbà àti ọmọdé.

Ọ̀RỌ̀ ẸMU ÀTI ÒGÓGÓRÓ

Oúnjẹ kò lè parí láìmẹ́nu kan mímu. Igi ògùrọ̀ pọ̀ ní irà ilẹ̀ wa. Ẹmu rẹ̀ dùn ní àárọ̀, ó sì ń le bí ọjọ́ ti ń lọ. Láti inú rẹ̀ ni a ti ń pọn ògógóró, ọtí tí ìjọba òyìnbó fi òfin dè láyé ìgbà kan, tí àwọn ènìyàn kò sì ṣíwọ́ pípọn.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní oṣù kẹrin 2015. Ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú: orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú, wọn kò mọ ara wọn mọ́, ikú sì tẹ̀ lé e. Ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tó kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ sọ pé òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n rí, èyí tí í ṣe oríṣi ọtí tí kò yẹ fún mímu rárá. Inú ògógóró ni ó gbà wọlé sí wọn lára. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kò ní àwọ̀, ẹnu kò sì lè yà á sọ́tọ̀ nínú ọtí líle. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa fọ́ni lójú.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kúrú. Ẹ mu ẹmu tí ẹ rí ẹni tó dá a. Ògógóró tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, ẹ má fi ẹnu kàn án, bí ó ti wù kí ó dínwó tó. Bí ẹnìkan bá mu ọtí tí ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́.

BÍ A TI Ń MỌ BÚKÀ RERE

1. Ẹ wo ibi ìfọwọ́ àti omi ìfọwọ́. Bí omi bá dọ̀tí níwájú, ẹ̀yìn kò lè mọ́.
2. Ẹ wo abọ́. Bí wọ́n bá ń ri abọ́ bọ inú omi kan náà láti òwúrọ̀, ẹ dìde.
3. Ẹ wo ìkòkò. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí iná tàbí kí ó gbóná; ọbẹ̀ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti àárọ̀ ń pe àìsàn.
4. Ẹ wo àwọn tí ń jẹun. Bí àwọn olùkọ́, awakọ̀ àti àwọn alájàpá ìlú bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ jókòó.
5. Ẹ béèrè ibi tí púpurù ti wá. Ìyá tó dára yóò dárúkọ ẹni tó mọ ọ́n àti abúlé rẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìkarùn-ún ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí ó lè sọ orísun ohun tí ó ń tà kò ní ohun tí ó ń fi pa mọ́.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ẸGBẸ́ WA

Ẹlòmíràn lè wí pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ búkà. Ó kàn wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní 1844, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ 28 ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da owó wọn pọ̀ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ tà: ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà. Lákòókò náà, àwọn oníṣòwò kan a máa po ohun àìmọ́ mọ́ ìyẹ̀fun, wọn a sì máa rẹ́ òṣùwọ̀n. Àwọn ará Rochdale pinnu láti ta ojúlówó pẹ̀lú òṣùwọ̀n pípé. Lórí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a gbé òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1935. Oúnjẹ tí a mọ ọwọ́ tó ṣe é wà nínú ohun tí ẹgbẹ́ wà fún.

Èkejì, ẹ wo àwọn aládùúgbò wa. Ní Ivory Coast, àwọn obìnrin etí ọ̀sà ń fi ẹ̀gẹ́ rírẹ́ ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní attiéké, wọ́n sì ń fi ẹja jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi ẹja jẹ púpurù. Ní oṣù Kejìlá 2024, àjọ UNESCO kọ ọgbọ́n ṣíṣe attiéké sínú àkọsílẹ̀ àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Àwọn ará ilé wọn ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ láìtijú, kí àjèjì tó wá yìn ín. Bí àwa bá ń ru bùréèdì wá sílé, ta ni yóò yin púpurù fún wa?

Ẹ̀kẹta, ìyá olóúnjẹ ni ọjà ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa: ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́, ẹni tó mọ púpurù, ẹni tó fọ́ epo, ẹni tó yan ẹja. Bí owó bá wọ búkà, gbogbo wọn ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn kí ó tó di alẹ́. Ohun tí ń pa búkà ni àwìn tí a kò san, àti àìní owó láti ra epo pa mọ́ nígbà tó dínwó. Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́, ẹ ronú sí owó yíyá kékeré fún àwọn ìyá wọ̀nyí ní àkókò epo. Ẹ̀yin àlejò, ẹ má bèèrè àwìn lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí ojú ti tì mí, mo lọ bá ìyá náà ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé. Mo ní, "Ìyá, a jẹ́ márùn-ún, marúgbó ni a fẹ́." Mo sì san ìdajì owó. Ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì, púpurù wà nílẹ̀, ọbẹ̀ dúdú ń hó, ẹja Igbókòdá wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó bu òkèlè mẹ́ta kí ó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló mọ púpurù náà. Ìyá na ìka sí obìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tó ń dúró gba owó ọjà rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni.

Ẹ kú ìsinmi o. Ẹ sọ fún ìyá lálẹ́.